Rọ́ọ̀gì ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ tó dọ̀tí gidi: Ọ̀nà wo ló ń yọ ìdọ̀tí kúrò, èwo ló kàn ń bò ó mọ́lẹ̀?

Bí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹni tó ni gbọ̀ngàn ayẹyẹ bá pe àwọn tó ń fọ rọ́ọ̀gì, ó ṣeé ṣe kí ẹni mẹ́ta wá kí wọ́n sì dá owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kan á ní "sítíìmù" lòun máa fi fọ̀ ọ́. Ẹnì kejì ní ẹ̀rọ tó ń yí páàdì roboto lórí ilẹ̀. Ẹnì kẹta ò gbé ju garawa, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ oníyẹ̀fun tí gbogbo èèyàn ń pè ní omo lọ, owó tiẹ̀ ló sì kéré jù. Òun ni wọ́n á gbé iṣẹ́ fún. Lọ́jọ́ Sátidé, rọ́ọ̀gì á tàn. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà lọ síwájú pẹpẹ á ti dúdú padà, nígbà míì á tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó ti lọ nìyẹn.

Ìbéèrè kan wà tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ irú àdánù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì bi gbogbo afọrọ́ọ̀gì kó tó gbowó: tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, níbo ni ìdọ̀tí náà máa wà?

Kí ló wà nínú rọ́ọ̀gì tó dúdú?

Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ jẹ́ ìdọ̀tí gbígbẹ: iyanrìn, eruku ọyẹ́, amọ̀ pupa tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà. Wọ́n máa ń rọ̀ sílẹ̀ sí ìdí irun rọ́ọ̀gì, níbi tójú ò ti rí wọn. Ọ̀rá ló wá ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè jẹ́ òróró àdúrà tó kán sílẹ̀. Ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ, epo ọbẹ̀ ni, pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó dà sílẹ̀, torí ṣúgà inú ẹ̀ máa ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Mọ́ṣáláṣí yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ń bọ́ bàtà síta, nítorí náà iyanrìn kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òógùn, ọ̀rá ara àti ẹsẹ̀ tó ṣì tutù láti ibi àlùwàlá ló ń ba tiwọn jẹ́. Níbẹ̀, òórùn lè ṣáájú àwọ̀ dúdú dé.

Ìdí nìyí tí fákúùmù fi gbọ́dọ̀ ṣáájú omi. Iyanrìn tí wọn ò bá fà jáde nígbà tó ṣì gbẹ, tómi bá ti kàn án, ó di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì nira láti fà ju eruku lọ. Kí wọ́n rọra fà á, lọ sókè, bọ̀ sísàlẹ̀, pàápàá lójú ibi tí ẹsẹ̀ ti ń pọ̀. Afọrọ́ọ̀gì tó bá wọlé tó sì kọ́kọ́ da omi, kí wọ́n dá a dúró.

Omo àti búrọ́ọ̀ṣì

Ọ̀nà yìí rọrùn, ó sì ń tan èèyàn. Ọṣẹ ń hó, búrọ́ọ̀ṣì ń ha, ìdọ̀tí ń gbéra lóòótọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọṣẹ ìfọṣọ ń fẹ́ kí wọ́n ṣàn án dáadáa, bí wọ́n ṣe ń ṣan aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ló fẹ́ ṣan rọ́ọ̀gì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri? Ọṣẹ tó bá kù sínú ẹ̀ á máa lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bàtà kọ̀ọ̀kan tó bá sì tẹ̀ ẹ́ á fi eruku tiẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń mú kó tètè dúdú padà nìyẹn. Ṣá o, rọ́ọ̀gì kékeré tó ṣeé ká, tó ṣeé gbé síta fún omi púpọ̀ àti oòrùn, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Páàdì tó ń yí

Wọ́n á ki páàdì olówùú bọ kẹ́míkà, wọ́n á fi sábẹ́ ẹ̀rọ, á máa yí, á máa nu ojú rọ́ọ̀gì. Ó yá, kì í gba omi púpọ̀, rọ́ọ̀gì sì ń gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Ó bá òtẹ́ẹ̀lì tí àlejò ò gbọdọ̀ rí omi nílẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n orí irun nìkan ló ń nù. Lórí ìdọ̀tí líle, páàdì á kún kíákíá, tí wọn ò bá sì pààrọ̀ ẹ̀, ìdọ̀tí yàrá àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbé lọ fi kun yàrá kejì. Ó tún lè lọ́ irun rọ́ọ̀gì, àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe rọ́ọ̀gì ò sì fọwọ́ sí i.

Èyí tí wọ́n ń pè ní encapsulation dáa ju ìyẹn lọ. Pólímà wà nínú kẹ́míkà rẹ̀ tó ń bo ìdọ̀tí bí ṣúgà ṣe ń bo ẹ̀pà. Tó bá gbẹ, á le, á sì máa rún, fákúùmù á wá fà á jáde. Kì í lẹ̀ bí ọṣẹ. Fún bánkì tàbí ọ́fíìsì tí wọ́n ń fi fákúùmù fà déédéé, kò sí àléébù. Ti rọ́ọ̀gì tí wọn ò fọ̀ láti ọdún mẹ́ta ni ò lè dá ṣe: ìdọ̀tí ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí pólímà lè dì lọ. Tí gbọ̀ngàn náà ò bá tiẹ̀ wá ní fákúùmù, gbogbo ohun tí wọ́n dì yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Ìyẹ̀fun tó lọ́rinrin tí wọ́n ń fọ́n sílẹ̀, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì rọ́ wọlé kí wọ́n tó fà á, wà pẹ̀lú. Ó wúlò fún rọ́ọ̀gì tí kò fẹ́ omi rárá, ìdọ̀tí líle kọjá agbára ẹ̀.

"Sítíìmù" tí kì í ṣe sítíìmù

Orúkọ yẹn ń ṣi èèyàn lọ́nà, torí omi gbígbóná ló ń fọ rọ́ọ̀gì náà. Ẹ̀rọ ń fi agbára fọ́n ọn wọlé, ó sì ń fà á padà lójú ẹsẹ̀ sínú táǹkì. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a kà sókè yìí, òun ló ń ṣan rọ́ọ̀gì bí wọ́n ṣe ń ṣan aṣọ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wo omi inú táǹkì, bí omi gọ́tà ló máa rí. Níbẹ̀ ni ìdọ̀tí náà lọ.

Síbẹ̀, ẹni tó kàn gbé ẹ̀rọ náà kọjá lórí rọ́ọ̀gì dúdú ń fi omi ṣòfò ni. Ní 1959, Herbert Sinner, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Henkel ní Jámánì, ṣàlàyé pé nǹkan mẹ́rin ló ń fọ nǹkan mọ́: kẹ́míkà, ooru, agbára tí wọ́n fi ha á, àti àkókò. Tí ọ̀kan bá dín, òmíràn gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ìyá tó ń rẹ aṣọ mẹkáníìkì sínú ọṣẹ mọ́jú ti mọ ìyẹn tipẹ́.

Nítorí náà, afọrọ́ọ̀gì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fọ́n kẹ́míkà tó lágbára irú ti omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, torí òun ló ń ká ọ̀rá. Á fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 láì jẹ́ kó gbẹ, á fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kó tó wá kan omi gbígbóná. Àwọn míì á tún fi kẹ́míkà tó kan díẹ̀, bí ọsàn wẹ́wẹ́, ṣàn án kẹ́yìn kí agbára ti àkọ́kọ́ lè rọlẹ̀.

Àmọ́ rọ́ọ̀gì onírun àgùntàn ò fẹ́ irú kẹ́míkà líle bẹ́ẹ̀, bílíìṣì sì lè jẹ irun náà tán. Èyí tí wọ́n fi polypropylene ṣe, irú ike tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì, kì í mu omi, àmọ́ ó fẹ́ràn epo, ibẹ̀ ni àbàwọ́n ọbẹ̀ ti ń le jù. Kí wọ́n dán kẹ́míkà wò ní kọ̀rọ̀ kan ná.

Ọ̀rọ̀ iná náà kò kéré. Ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná fúnra ẹ̀ lè gba kílówáàtì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. "I pass my neighbour" ò lè gbé e. Kí wọ́n ti sọ ti jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tó dá owó.

Gbígbẹ ẹ̀ ńkọ́?

Ibí ni sítíìmù ti lè di ìjàngbọ̀n. Tí wọ́n bá fọ́n omi jù tí wọn ò sì fà á tó, rọ́ọ̀gì tó ṣì tutù lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́, á sì máa rùn. Nígbà òjò ó tún burú sí i. Kí wọ́n fa ibi kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láì fọ́n omi, kí fáànù máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n má sì fi fífọ̀ sí alẹ́ Sátidé nígbà tí ìsìn máa wà láàárọ̀.

Omi púpọ̀ náà ló ń fà á tí àbàwọ́n tó ti lọ fi ń padà yọjú lọ́jọ́ kejì. Bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà ni ìdọ̀tí ìdí irun ṣe ń bá omi gòkè bó ti ń gbẹ. Páàdì gbígbẹ tí wọ́n bá yí lórí ẹ̀ kẹ́yìn lè mú un kúrò. Níbẹ̀ ni páàdì ti wúlò gan-an.

Kí ìgbìmọ̀ tó gbé gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n ní kí afọrọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan fọ ibi tó tó ẹní kan lójú ọ̀nà tó dúdú jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n fi aṣọ funfun tó tutù nù ún, kí wọ́n fi wọ́n wéra. Ibi tó bá ṣì rí bí eérú nígbà tí omi táǹkì ti ń mọ́, iyanrìn ló ti ha irun ibẹ̀. Ó ti gbó ni, ẹ̀rọ kankan ò lè fọ ìyẹn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta rọ́ọ̀gì lọ̀rọ̀ kàn.