Ìdàgbàsókè ọlẹ̀ ní àárín oyún

Ìdàgbàsókè ọlẹ̀ ní àárín oyún ni àwọn àyípadà tó ń bá ọmọ inú ilé-ọmọ láti ọ̀sẹ̀ 14 sí ọ̀sẹ̀ 27, èyí tó jẹ́ nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà. Àwọn oníṣègùn a máa pín oyún sí ìdá mẹ́ta, àkókò yìí sì ni ìdá kejì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn ni wọ́n ti ń ka ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, kì í ṣe ọjọ́ tí ó lóyún gan-an. Nítorí náà, ọjọ́ orí ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kéré sí iye tí a kọ sínú káàdì aboyún.

Nígbà tí ìdá kìíní bá fi parí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀yà ara ti fara hàn: ọkàn ti ń lù, apá àti ẹsẹ̀ ti yọ, ìka ti pínyà. Ohun tó kù ni kí àwọn ẹ̀yà náà dàgbà, kí wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn í ṣe. Wọn kì í jọ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀dọ̀fóró wà lára àwọn tó máa ń gbẹ́yìn, òun ló sì ń pinnu jù bóyá ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé yóò yè.

Ara àti awọ

Ní ọ̀sẹ̀ 14, ọlẹ̀ kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8 sí 9 lọ láti àtàrí dé ìdí. Ní ọ̀sẹ̀ 20, ó ti tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 láti orí dé gìgísẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 300. Ní òpin ọ̀sẹ̀ 27, ó ti sún mọ́ kílógíráàmù kan. Awọ rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́ débi pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Irun múlọ́múlọ́ bò ó, ohun funfun kan tó rí bí òrí sì ń dáàbò bo awọ náà kí omi tó yí ọmọ ká má baà bà á jẹ́. Àsìkò yìí náà ni ìlà ìka ọwọ́ ń fìdí múlẹ̀. Àwọn ìbejì tó jọra bí ìmumu pàápàá kì í ní ìlà ìka kan náà.

Bí ọlẹ̀ bá jẹ́ obìnrin, ẹyin tó wà nínú ilé-ẹyin rẹ̀ a máa tó mílíọ̀nù 6 sí 7 ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20. Iye náà kò tún ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀; kí a tó bí i, yóò ti dín kù sí mílíọ̀nù kan tàbí méjì. A lè sọ pé aboyún tó gbé ọmọbìnrin sínú ti gbé apá kan àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ibi-ọmọ ni ọlẹ̀ ti ń gba oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ọ́ksíjìn, ìwọ́ ni ó sì ń gbà wọlé: iṣan kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́ksíjìn wá, iṣan méjì ń dá èyí tí ọlẹ̀ ti lò padà. Kíndìnrín ti ń ṣiṣẹ́, ìtọ̀ ọlẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú omi tó yí i ká. Ọlẹ̀ a máa gbé omi náà mì. Bí omi yìí bá kéré jù fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀dọ̀fóró kò ní lè gbòòrò bó ti yẹ.

Ọlẹ̀ sọ

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8 ni ọlẹ̀ ti ń mira, ṣùgbọ́n ó kéré ju kí ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ti bímọ rí lè mọ̀ ọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Alákọ̀ọ́bí sábà máa ń dúró di ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀ fún un: wọ́n ní ọlẹ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Ìhìnrere Lúùkù nínú Bíbélì Yorùbá, níbi tí Màríà ti kí Èlísábẹ́tì.

Àyè ṣì wà fún ọlẹ̀ láti yí kiri ní àsìkò yìí. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìdí tàbí ẹsẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yóò yí orí padà sísàlẹ̀ kí ọjọ́ ìbí tó tó. Èyí tí kò yí, tó sì mú ẹsẹ̀ jáde, ni Yorùbá ń sọ ní Ìgè.

Ìgbọ́ràn

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 sí 26, ọlẹ̀ a máa ta gìrì tàbí kí ọkàn rẹ̀ yí ìlù padà bí ariwo bá dún nítòsí. Ilé-ọmọ kì í ṣe ibi ìdákẹ́jẹ́: ọkàn ìyá ń lù, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ìfun ń kùn. Ohùn ìyá ló ń dé ibẹ̀ jù, nítorí pé inú ara rẹ̀ ni ó gbà kọjá. Ẹran ara àti omi a máa dín àwọn ìró tó mú kù, ṣùgbọ́n ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ohùn a máa kọjá. Fún èdè olóhùn bíi Yorùbá, èyí jẹ́ ohun tó yẹ fún àkíyèsí, nítorí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ lè tètè dé etí ọlẹ̀ ju ọ̀pọ̀ kọ́ńsónáǹtì lọ. Ní 1980, Anthony DeCasper àti William Fifer fi hàn pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta láyé a máa mu orí ọmú àtọwọ́dá lọ́nà tí yóò fi jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ìyá wọn dípò ti obìnrin mìíràn.

Ibà

Kòkòrò ibà Plasmodium falciparum a máa lúgọ sínú ibi-ọmọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìka sì lè má rí i. Ó ń dín oúnjẹ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọlẹ̀ kù. Níbi tí ibà ti wọ́pọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn kí aboyún máa lo oògùn sulfadoxine-pyrimethamine láti ọ̀sẹ̀ 13, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, kí oṣù kan sì wà láàárín lílò kan sí èkejì.

Ẹ̀dọ̀fóró àti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé

Láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 26, àwọn ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ń pọ̀ sí i, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì ń sún mọ́ wọn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24, ẹ̀dọ̀fóró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà ọlọ́ràá kan tí à ń pè ní surfactant, tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ lẹ̀ mọ́ra nígbà tí ọmọ bá mí jáde. Ní 1959 ni Mary Ellen Avery àti Jere Mead fi hàn pé àìtó èròjà yìí ló wà nídìí àìlèmí dáadáa tó ń pa àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ní 1972, Graham Liggins àti Ross Howie ní Niu Sílándì gbé àbájáde ìwádìí jáde pé abẹ́rẹ́ betamethasone, tí a fún ìyá kí ó tó bímọ, a máa mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá gan-an, nítorí pé ìbejì wọ́pọ̀ níbẹ̀ ju ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé lọ, a sì sábà máa ń bí ìbejì ṣáájú oṣù wọn. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ wà fún oyún ọ̀sẹ̀ 24 sí 34, ní ilé ìwòsàn tó lè tọ́jú ìyá àti ọmọ, ó sì di dandan kí a mọ iye ọ̀sẹ̀ oyún náà dájú. Ìdí kan nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí aboyún ṣe síkáànì kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Bí oyún bá ti ń dàgbà sí i, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n ọlẹ̀ kan sí òmíràn a máa pọ̀, síkáànì kò sì ní lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀ dáadáa mọ́.