Olùwòye Ìdìbò: Ìlú Tó Ń Ṣọ́ Náà Ló Ń Gbé

Nígbà tí wọ́n ka ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ìbò 353 péré ni Ademola Adeleke ti ẹgbẹ́ PDP fi ṣíwájú Gboyega Oyetola ti APC. Àjọ elétò ìdìbò INEC ní ó kù síbì kan: wọ́n ti wọ́gi lé ìbò ní ibùdó méje, orúkọ olùdìbò 3,498 ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ibùdó wọ̀nyí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀, tí ìlú Ẹdúnàbọ̀n wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún ìbò dì ní ọjọ́ 27 oṣù náà, Oyetola sì fi ìbò 482 wọlé.

Àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí wọ́n ti kan sáárá sí INEC lẹ́yìn ìbò àkọ́kọ́, yí ohùn padà. Wọ́n ní àwọn rí ohun tó jọ ìdẹ́rùbà olùdìbò, àwọn sì gbọ́ pé wọ́n fòòró aṣojú ẹgbẹ́, akọ̀ròyìn àti olùwòye ọmọ ilẹ̀ yìí. Àlejò gbọ́, ọmọ ilé ni wọ́n fòòró.

Ta ni ọmọ ilé yìí? Olùkọ́ ni, aránṣọ ni, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Transition Monitoring Group sílẹ̀ ní 1998, títí kan Yiaga Africa lónìí, irú wọn ni àwọn ẹgbẹ́ aráàlú ń kọ́ níṣẹ́, tí INEC ń fún ní káàdì. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ni èrè rẹ̀.

Kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ ló ti gbọ́dọ̀ wà ní ibùdó ìdìbò. Yóò wò ó bóyá ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀ ń ṣiṣẹ́, bóyá ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka fara sin, bóyá ẹnìkan ń ṣe “dìbò kóo sebẹ̀”, ìyẹn fífi owó ra ìbò, lẹ́yìn ilé. Bí wọ́n bá kà á tán, yóò kọ iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, yóò fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Bí jàǹdùkú bá gbé àpótí lọ, kò gbọ́dọ̀ dènà. Ohun tó rí ni kó kọ. Iye tó fi ránṣẹ́ yẹn gan-an ni àwọn tó fẹ́ ṣe màgòmágó ń torí rẹ̀ bínú, nítorí yóò ṣòro fún wọn láti yí i padà níbi àkójọ èsì.

Olùwòye tó ti Àbújá wá yóò wọkọ̀ padà. Èyí tí wọ́n bí sí Ẹdúnàbọ̀n ńkọ́? Ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn mọ ilé bàbá rẹ̀, ó mọ ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Kò tiẹ̀ ní láti nà án. “A mọ̀ ẹ́ o” ti tó.

Kì í ṣe ojo ló ń ṣe ẹni tó bá bẹ̀rù. Ní 2011, agùnbánirọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n pa ní Bauchi lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ. Òfin ìdìbò ọdún 2022 ní kí ẹni tó bá já ohun èlò ìdìbò gbà lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù 24. Tọ́ọ̀gì mélòó lẹ ti rí tó ṣe é? Láti 2008 ni ìgbìmọ̀ Adájọ́ Muhammadu Uwais ti ní kí wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ẹjọ́ àwọn tó bá rú òfin ìdìbò nìkan.

Ẹ̀yin àgbà òṣèlú Àríwá Ifẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ọmọ yín. Ẹ pè wọ́n jókòó kí ọjọ́ ìbò tó kò, kí ẹ kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹni tó gbé káàdì olùwòye kọ́rùn.