Ọmọ Ń Ṣiṣẹ́ Kọ̀ǹpútà, Ìyá Fẹ́ Yáwó

 

Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà Ọba fẹ́ gba ẹ̀yáwó láti fi gba ṣọ́ọ̀bù kejì. A bi í pé, "Ìyá, báwo lẹ ṣe máa san án?" Ó ní owó oṣù ọmọ òun ni. Ọmọ ọ̀hún ti ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan. Ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì di aago méjì òru kó tó sùn. Ìyá wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo gan-an nìyẹn? Ṣé ó dájú?" Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀ láti Mápó dé Bẹẹrẹ. Ìdí nìyí tí a fi wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká fi wé ilé télọ̀. Oníbàárà ló ń gbé aṣọ wá. Ọwọ́ àti ọgbọ́n ni télọ̀ ń tà. Bẹ́ẹ̀ làwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí rí. Báńkì tàbí ilé ìtajà kan lókè òkun á gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, wọn á yan àwọn ọmọ sídìí ẹ̀, oníbàárà á sanwó, ilé-iṣẹ́ á yọ tiẹ̀, á sì san owó oṣù fáwọn ọmọ. Aago oníbàárà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Bí ó bá di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Kalifọ́níà, ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹ má pe ọmọ tó ń sùn lọ́sàn-án ní ọ̀lẹ o.

Iṣẹ́ náà dùn, torí ọmọ ń kọ́ ọgbọ́n lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá kó aṣọ rẹ̀ lọ ńkọ́? Ọmọ á jókòó, á máa retí òmíràn, ọkàn rẹ̀ ò sì ní balẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ńlá ní Íńdíà. Ní 1981, àwọn méje dá Infosys sílẹ̀. 10,000 rupee tí Sudha Murty, ìyàwó ọ̀kan nínú wọn, ti fi pamọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àbí ẹ ò rí i, owó ìfipamọ́ obìnrin! Síbẹ̀, Tata Consultancy Services, tó ti wà láti 1968, kéde ní oṣù keje 2025 pé nǹkan bí 12,000 òṣìṣẹ́ ni yóò lọ.

Nílé wa níbí, Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014. Nígbà náà, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fáwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, wọ́n kéde pé ọ̀rọ̀ ìdánidúró máa kan nǹkan bí 400 èèyàn ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Àwọn ọmọ náà ò jalè, wọn ò ya ọ̀lẹ. Àwọn oníbàárà ló ní ọwọ́ tó ti dáńgájíá làwọn ń fẹ́, kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Èyí tó kàn wá rèé. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ jẹ́ kọ́mọ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má fi owó oṣù ọmọ ṣe onídùúró ẹ̀yáwó. Iye tí igbá tiyín lè san ni kẹ́ ẹ yá. Kí tọmọ jẹ́ ẹ̀kún rẹ̀. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ sì máa dáwó sínú ẹgbẹ́ nígbà tí owó ń wọlé, kó lè rí nǹkan jẹ lọ́jọ́ tí kò bá sí aṣọ nílẹ̀.

Ìyá wa ti dín iye tó fẹ́ yá kù sí ìlàjì. Ọmọ rẹ̀ náà sì ti gba fọ́ọ̀mù. Ọ̀sán ló wá gbà á, ó ń yán bó ṣe ń buwọ́ lù ú. A kí i káàbọ̀.