Bí Ooru Ṣe Ń Yí Ara Ẹ̀fọn Àjèjì Padà

Àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò ti fi hàn pé ooru àti ibùgbé máa ń yí títóbi ara ẹ̀fọn àti ìṣesí ẹyin rẹ̀ padà. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí ẹ̀fọn kan láti ilẹ̀ Éṣíà tàn ká àgbáyé.

Ẹ̀fọn náà ni Aedes albopictus, tí ó dúdú, tí ó sì ní ilà funfun ní ẹsẹ̀ àti ní ẹ̀yìn. Ó wà lára àwọn tí ń gbé àrùn dengue àti chikungunya kiri. Inú táyà àlòkù ni ẹyin rẹ̀ sábà máa ń bá wọ ìlú onílùú. Wọ́n rí i ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1985, wọ́n sì rí i ní Nàìjíríà lọ́dún 1991.

Inú omi ni ìyípadà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá tutù dé ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tanwíji lè lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ kí ó tó di ẹ̀fọn. Ní ìwọ̀n 30, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá péré ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tètè dàgbà nínú ooru a máa kéré lára, apá rẹ̀ a sì kúrú.

Ibùgbé náà ní ipa tirẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù bíi Jàpáànù, bí ojúmọmọ bá ti ń kúrú, abo ẹ̀fọn a yé ẹyin tí kò ní pa títí òtútù yóò fi kọjá. Ti ilẹ̀ olóoru kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé láàárín nǹkan bí 20 ọdún, àwọn tí ó dé Amẹ́ríkà ti yí àkókò yìí padà láti bá ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí mu.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀fọn kékeré kò léwu. Ooru kan náà tí ó sọ ọ́ di kékeré ni ó ń mú kí fáírọ́ọ̀sì tètè pọ̀ nínú rẹ̀. Ojúmọmọ ni ó sì máa ń jẹni, nítorí náà àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ń ta lálẹ́ nìkan kò tó.

Níwọ̀n bí ọjọ́ mẹ́wàá ti tó fún un láti dàgbà nínú ooru, ó yẹ kí a máa da omi inú táyà, agolo àti garawa nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí a sì fọ ẹ̀gbẹ́ wọn dáadáa, nítorí pé ẹyin rẹ̀ lè gbẹ mọ́ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ó sì tún pa nígbà tí òjò bá dé.