Ẹ Má Da Àgékù Aṣọ Nù

Ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọmọbìnrin wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Kútọnu, ẹ wo ohun tí ẹ ń gbá dànù ní ìrọ̀lẹ́: àǹkárá, léèsì, ìdajì ọwọ́ bùbá. Ẹ rìn dé Missèbo pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń tú bélì ọ̀kìríkà tó ti òkè òkun dé. Èyí tó ya tàbí tó ní àbàwọ́n kì í rí ẹni rà á. Bẹ́ẹ̀ owó ni wọ́n fi ra gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣé àkísà ni kí n wọ̀ lọ sí Máàsì ọdún?” Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ti ẹnu ọmọ Yorùbá jáde. Àláàrí tí ọba àti ìjòyè fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, níbo ni òwú pupa rẹ̀ ti wá? Ní àwọn ọdún 1800, ìṣẹ́kù ṣẹ́dà láti ilẹ̀ Yúróòpù ni. Wọ́n rẹ ẹ́ ní pupa ní Tripoli, ràkúnmí rù ú la aṣálẹ̀ já dé Kánò, kó tó kan àwọn ahunṣọ wa. Pàǹtí òyìnbó ni àwọn bàbá wa hun di aṣọ iyì.

Aṣọ òkè pàápàá, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, kí wọ́n tó rán an pọ̀ di agbádá. Irú ọ̀nà yìí ni Nkwo Onwuka, obìnrin tí ń dá àrà sí aṣọ ní Nàìjíríà, gbà: ó ń gé jíìnsì àti àgékù ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rán wọn pọ̀ títí yóò fi jọ òfì, ó sì sọ ọ́ ní Dakala. Èmi kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àkísà.

Ìrán burúkú ló ń sọ aṣọ di àkísà. Ẹ kọ́kọ́ fọ gbogbo àgékù, torí òwú a máa súnkì. Èyí tí ẹ kò bá fọ̀ yóò fa ìyókù wọ́ lọ́jọ́ tó bá kan omi. Ẹ má rán léèsì tín-ín-rín mọ́ jíìnsì. Ẹ fi odindi aṣọ kan tẹ́ inú rẹ̀, kí ojú ìrán má baà máa họ ara. Fìlà tàbí bùbá ọmọdé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Agbádá lè dúró.

Ní ti owó iṣẹ́, ẹ má gbà á ní pọ́ọ́kú nítorí pé ẹ kò ra aṣọ. Ìránpọ̀ yìí ń jẹ àkókò ju bùbá lásán lọ, kí oníbàárà sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó mú sáàsì.