Ilé háyà ní Ṣábẹ̀ẹ́: ìwé wo ló ń dáàbò bò ó?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi owó oko kọ́ ilé háyà sí Ṣábẹ̀ẹ́. Ilé náà lè dára o, ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Convention nìkan kò tó: ó fi hàn pé a ra ilẹ̀, kò fi hàn pé ẹni tó tà á ló ni ín. Titre foncier ni òfin ilẹ̀ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, fọwọ́ sí jù. ANDF ló ń fúnni. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí gbogbo ẹbí fọwọ́ sí i ká tó kó bíríkì débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó dákẹ́ lónìí, ọmọ rẹ̀ lè pè wá lẹ́jọ́ lọ́la.

Ká kọ bail pẹ̀lú ayálégbé, àní bó jẹ́ ọmọ ìyá wa. Òfin 2018-12 kò gbà ká gba loyer àsansílẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ.