Owó Tó Kéré Jù Lórí Ìwé Kọ́ Ni Owó Rélùwéè

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ti àwọn mínísítà àti àwọn òyìnbó nìkan ni, èyí ni ọ̀rọ̀ iye owó tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń pè láti fi gba iṣẹ́ rélùwéè. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti Ìbíní níbí, kò sí ọkọ̀ ojú irin tó lè gbé wa dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo. Bí ìsinmi bá dé, ọ̀nà Òrè ni à ń gbà lọ sílé, tí àwọn òbí wa yóò sì máa gbàdúrà títí a ó fi wọlé.

Ojú irin tó sún mọ́ wa jù lọ ni èyí tó ti Itakpe lọ sí Warri. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ojú títì Upper Sakponba jáde kúrò nílùú, tó forí lé ọ̀nà Abraka, yóò bá téṣàn rẹ̀ kan níbẹ̀. Ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni ìjọba ṣí i. Ọdún 33 gbáko fún nǹkan bíi kìlómítà 326! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ti lè di òbí ọmọ mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí i. Àìrówó san dédé wà lára ohun tó fà á. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ ohun tó wà nídìí owó tí wọ́n ń kọ sórí ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń PE OWÓ IṢẸ́

Bí ìjọba bá fẹ́ ṣe ojú irin, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ wọn ilẹ̀, wọn yóò ya àwòrán, wọn yóò sì kọ gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà gbà sínú ìwé. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba yóò ké sí àwọn agbaṣẹ́ṣe. Olúkúlùkù yóò kọ iye tirẹ̀, yóò fi í sínú àpòòwé, yóò lẹ̀ ẹ́ pa. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá, wọn yóò ṣí gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Èyí ni à ń pè ní tẹ́ńdà.

Nínú iye tí agbaṣẹ́ṣe pè, ó gbọ́dọ̀ rí owó gé òkè, owó dí àfonífojì, owó afárá, owó kọnkéré tí wọ́n ń dábùú sábẹ́ irin, owó òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà yí i ká, owó irin fúnra rẹ̀, àti owó ẹ̀rọ tí ń darí ọkọ̀ kí méjì má baà forí sọra. Ó tún gbọ́dọ̀ fi owó kan pamọ́ de ohun tí a kò fojú rí: òjò tó pẹ́ kó tó dá, páìpù tó fara pamọ́ sínú ilẹ̀, tàbí owó sìmẹ́ńtì tó lọ sókè lóru ọjọ́ kan.

KÍ LÓ DÉ TÍ ẸNÌ KAN FI LÈ PE OWÓ PỌ́Ọ́KÚ?

Ẹ jẹ́ kí á fi nǹkan tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní onílé kan ní Upper Sakponba fẹ́ mọ ògiri yí ilé tí ó fi háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ká. Ó pe bíríkìlà márùn-ún. Mẹ́rin pe iye tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan náírà. Ìkarùn-ún ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 ni òun yóò gbà. Níbo ni ìyókù owó náà wọlé sí?

Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin náà ní ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù tirẹ̀, tí kò sì ní í ra ti ẹlòmíràn. Èyí dára. Ó lè jẹ́ pé ó gbàgbé pé omi ń dúró sí àdúgbò náà nígbà òjò, tí ìpìlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jìn. Ó lè jẹ́ pé iyanrìn ni yóò pọ̀ nínú búlọ́ọ̀kù rẹ̀, tí sìmẹ́ńtì yóò kàn ṣe bí ẹni tó kọjá níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti gbèrò láti padà wá nígbà tí ògiri bá dé ìbàdí, kí ó wí pé: "Bàbá, ẹ má bínú, ọjà ti wọ́n o." Kí ni onílé fẹ́ ṣe? Ògiri tó dé ìbàdí kò lè dá olè dúró, kò sì sí bíríkìlà mìíràn tí yóò fẹ́ parí iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgba owó gọbọi.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti rélùwéè, àfi pé òdo tó tẹ̀ lé owó rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ kan lè pe owó kékeré nítorí pé àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ wà nílẹ̀ láìṣiṣẹ́, tàbí nítorí pé báńkì ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń yá a lówó tí èlé rẹ̀ kéré. Òmíràn ń wá ojú rere ní orílẹ̀-èdè tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí, ó gbà láti pàdánù lónìí kí ó lè jèrè lọ́la. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ìṣirò ló ṣì. Bí ènìyàn márùn-ún bá fojú díwọ̀n òkìtì iṣu kan náà, ẹni tó pe iye tó kéré jù lè má jẹ́ ọlọ́gbọ́n wọn. Ó lè jẹ́ òun ni ojú rẹ̀ tàn án jù. Nínú tẹ́ńdà, ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń gbé iṣẹ́ fún bí a bá ń wo iye nìkan.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ MẸ́KÀ

Àwọn òbí wa tó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́yìn ọdún 2010 mọ ọkọ̀ ojú irin tí ń kó àwọn alálàájì láàárín Mínà, Músídálífà àti Àráfà. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, ilé iṣẹ́ Ṣáínà tí à ń pè ní CRCC bá ìjọba Saudi Arabia fọwọ́ sí ìwé láti kọ́ ọ. Kìlómítà 18 ni, pẹ̀lú téṣàn mẹ́sàn-án, owó rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.77 dọ́là. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti máa rìn nígbà iṣẹ́ Háájì oṣù Kọkànlá ọdún 2010.

Iye kan ṣoṣo tí a kò gbọ́dọ̀ yí padà ni wọ́n kọ, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán iṣẹ́ náà kò tíì pé nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí iṣẹ́ ti ń lọ ni ó ń fẹ̀ sí i. Àwọn ilẹ̀ kan kò tètè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ Háájì kò sì lè sún síwájú nítorí agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́, iṣẹ́ parí lásìkò, ọkọ̀ sì rìn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, CRCC kéde pé òun yóò pàdánù nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.15 owó yuan, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 600 dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, àjọ tó jẹ́ òbí fún ilé iṣẹ́ náà, tí ìjọba Ṣáínà ni ín, gba ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn alálàájì rí ọkọ̀ wọ̀, àwọn ará Ṣáínà ni ó san ìyókù. Ẹnì kan lè ní kí ni ó kàn wá níbẹ̀. Ohun tó kàn wá ni pé owó tí iṣẹ́ gbà kò dínkù nítorí pé a kọ iye kékeré. Ẹnì kan yóò san án. Bí ẹni tó lówó bí ìjọba kò bá sí lẹ́yìn agbaṣẹ́ṣe ńkọ́?

Orílẹ̀-èdè Poland rí ìdáhùn sí ìbéèrè náà. Ní ọdún 2009, COVEC, tó jẹ́ ọmọ ilé iṣẹ́ rélùwéè mìíràn ní Ṣáínà, gba apá méjì nínú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Warsaw lọ sí Łódź, kìlómítà 49 lápapọ̀. Iye tí ó pè kò tó ìdajì ohun tí ìjọba Poland fojú díwọ̀n. Nígbà tó yá, owó ohun èlò gbówó lórí, ìwé àdéhùn kò sì gbà kí ó fi kún iye rẹ̀. Àwọn tó ń kó ọjà wá fún un kò rí owó wọn gbà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, ìjọba fagi lé iṣẹ́ náà. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n sáré bọ́ sí i kí ìdíje bọ́ọ̀lù Yúróòpù ọdún 2012 tó bẹ̀rẹ̀.

TIWA ŃKỌ́?

Nílẹ̀ wa níbí, àìsàn kejì ni ó ń ṣe wá. Ní ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ rélùwéè Èkó sí Kánò, kìlómítà 1,315, fún CCECC, tí í ṣe ọmọ CRCC, ní bílíọ̀nù 8.3 dọ́là. Ní ọdún 2008, wọ́n dá a dúró. Wọ́n wá gé e sí wẹ́wẹ́. Ti Àbújá sí Kàdúná, tó tó kìlómítà 187, jẹ́ mílíọ̀nù 874 dọ́là, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Keje ọdún 2016. Ti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, gba nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹfà ọdún 2021.

Ẹni tó bá pín owó yìí sórí kìlómítà yóò rí i pé ti Èkó sí Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti Àbújá sí Kàdúná. Yóò pariwo olè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà irin méjì ni ó wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn, ọ̀kan ṣoṣo ni ó wà láàárín Àbújá àti Kàdúná. Ẹni tí kò bá bi iye pé "kí ni a fi ọ́ rà?" kò tíì mọ iye náà.

Ṣé àwa náà wá lè fọwọ́ sọ̀yà pé owó yìí tọ́? Ibí ni ìṣòro wà. Báńkì Exim ti Ṣáínà ni ó yá wa ní púpọ̀ nínú rẹ̀, àdéhùn irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ sì ni pé ilé iṣẹ́ Ṣáínà ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Níbi tí ẹnì kan bá ti dá pe owó, kò sí iye mìíràn tí a ó fi wé tirẹ̀. Owó tó kéré jù lè tan ni jẹ, owó tí kò ní alábàádíje náà lè tan ni jẹ.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Òfin ìrajà ìjọba tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2007 kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí á mú ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù láàárín àwọn tó kúnjú ìwọ̀n, kì í ṣe láàárín gbogbo ẹni tó wá. Ó tún gbà kí á fi ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí ìdí tó yè kooro bá wà. Òfin náà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́dún 2007, ní kí owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ má ju ìdá 15 nínú 100 lọ, kí agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ gbà á sì mú onídùúró wá, tí iye rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 10 nínú 100. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2014 tún fi kún un pé bí iye kan bá kéré débi tó ń kọni lóminú, dandan ni kí wọ́n pe ẹni tó kọ ọ́ kí ó wá ṣàlàyé bí yóò ṣe rí i ṣe. Bí àlàyé rẹ̀ kò bá ta, wọ́n lè dá ìwé rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Rélùwéè kì í ṣe ohun owó pọ́ọ́kú. Nínú wa ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, àwọn olùṣírò owó àti àwọn agbẹjọ́rò tí yóò jókòó ṣí àpòòwé lọ́la yóò ti jáde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, wọ́n fọwọ́ sí ìwé rélùwéè Èkó sí Calabar, kìlómítà 1,402, tí wọ́n ní yóò gba Òrè àti Ìbíní kọjá, ní bílíọ̀nù 11.97 dọ́là. Títí di òní, ọkọ̀ rẹ̀ kankan kò tíì fọn fèrè ní Ìbíní. Nígbà tí wọ́n bá tún mẹ́nu kàn án, ẹ má ṣe béèrè iye rẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè àwọn tó bá a díje. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú iye náà àti ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tí yóò san án bí owó bá lé, àti ẹni tó ṣe onídùúró bí agbaṣẹ́ṣe bá sá lọ. Ibi tí wọn kò bá ti lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ni ọdún 33 mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀.